Bakitéríà tó ń gbé nínú ẹni tó ń jẹ bakitéríà

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Ìjerò-Èkìtì. Nígbà tá a dé orí Porifera, mo ṣàlàyé fún wọn pé bakitéríà inú omi ni kànrìnkànrìn òkun (sponge) ń sẹ́ jẹ. Mo tún sọ ohun tí mo kà fún wọn, pé bakitéríà tó ń gbé inú ara rẹ̀ pọ̀ lọ súà, tí kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí ọmọbìnrin kan ṣe nawọ́ nìyẹn: 'Sà, tó bá jẹ́ pé bakitéríà ló ń jẹ, kí ló dé tí kò jẹ àwọn tó wà nínú ẹ̀?' Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wò ó. Ibi tí mo wò ó sí sọ pé àwọn bakitéríà yẹn ti 'yí jíìnì wọn padà' kí ibẹ̀ lè bá wọn lára mu. Báwo ni bakitéríà ṣe ń yí jíìnì ara rẹ̀ padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kí n lè là á yé wọn."

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ opọlọ. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Ìbéèrè rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń bá fà á láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, òun ni mo sì máa gbé síwájú, torí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí tiyín wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún gbólóhùn tí ẹ kà yẹn ṣe, nítorí òun ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Kò sí bakitéríà tó jókòó, tó ronú, tó ní òun fẹ́ pààrọ̀ jíìnì òun. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí bakitéríà bá pín sí méjì, ó ní láti da DNA rẹ̀, ìyẹn okùn tí gbogbo jíìnì rẹ̀ tò sí, kọ, àṣìṣe a sì máa wọ inú àdàkọ náà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, jíìnì ẹlòmíì á já wọ inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àyípadà báyìí kò mú nǹkan kan wá, òmíràn tiẹ̀ ń ṣe é ní jàǹbá. Bó bá wá ṣe kòńgẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kànrìnkànrìn rí i dà, ẹni tó ní in á yè, á pọ̀ sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jogún rẹ̀. Àwọn tí kò ní in á di oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí èyí máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, gbogbo àwọn tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ ni yóò ní jíìnì yẹn. Ẹni tó wá bá wọn lẹ́yìn ni yóò wò wọ́n tí yóò ní wọ́n "yí jíìnì wọn padà". Wọn ò yí nǹkan kan padà fúnra wọn. Kànrìnkànrìn ló ṣà wọ́n. Bí àwọn ọmọ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé èyí.

Kí wọ́n má sì rò pé èyí tí ìyá wọn fi ń fọ abọ́ là ń sọ o. Ara ewéko ni ti inú igbó ti wá; ẹranko ni ti òkun. Kò lójú, kò lẹ́nu, kò ní ọpọlọ, kò ní ìfun, kì í sì í kúrò lójú kan bó bá ti dàgbà. Omi ló ń fà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ níta. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, á tọ ọ̀nà tóóró dé àwọn yàrá kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì onírù tò sí lára ògiri wọn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìrù kan ṣoṣo tó ń jù láìsinmi. Àwọn fọ́nrán tó tín-ín-rín gan-an sì dúró yí ìdí ìrù náà ká. Bí ìrù ṣe ń jù ni omi ń gba àárín àwọn fọ́nrán yẹn kọjá, bakitéríà inú rẹ̀ á sì há síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà á gbé e mì, tàbí kó tì í sọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń rìn kiri nínú ara bí àmíbà, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yẹn, àwọn náà á sì dà á. Omi tó ti mọ́ á gba ihò gbàǹgbà tó wà lókè jáde. Àwọn tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ òkun a máa tú aró díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, aró ti ń tú yàà jáde lókè.

Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kì í ṣe kékeré. Kànrìnkànrìn tó wọn kìlógíráàmù 1 lè sẹ́ tó lítà 24,000 láàárín ọjọ́ kan. Ẹ bá àwọn ọmọ ṣírò rẹ̀ sórí pátákó: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n fi ń pọnmi nílé, 960 irú rẹ̀ nìyẹn. Nínú mílílítà omi òkun kan ṣoṣo, bakitéríà lè tó mílíọ̀nù 1, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 10. Ẹ rántí àwọn fáírọ́ọ̀sì yìí, a ó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Láàárín awọ òde àti àwọn yàrá inú lọ́hùn-ún ni ara kan wà tó rọ̀ tó sì ń fà. Ibẹ̀ ni àwọn àyálégbé wa ń gbé. Nínú oríṣi kànrìnkànrìn kan, gírámù ẹran ara rẹ̀ kan lè ní bakitéríà láti mílíọ̀nù 100 títí dé bílíọ̀nù 10, wọ́n sì lè kó ìdá 35 nínú 100 gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn oríṣi mìíràn wà tí bakitéríà inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti omi tó yí wọn ká lọ. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé oríṣi méjèèjì lè wà lórí àpáta kan náà, kí wọ́n jọ máa mu omi kan náà. Nítorí náà, omi nìkan kọ́ ló ń pinnu ẹni tó máa gbé inú wọn.

Ní àwọn ọdún 1970 ni Jean Vacelet, ará Faransé, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi maikirosikóòpù alágbára rí bakitéríà tó kún inú kànrìnkànrìn bámúbámú. Ìbéèrè ọmọ yín ló tẹ̀ lé e gbọọrọ. Ní 1984, Clive Wilkinson, Robert Garrone àti Vacelet kan náà gbé ìdáhùn kan jáde. Wọ́n fi àmì tó ń tan ìtànṣán sí bakitéríà lára, wọ́n fi bọ́ kànrìnkànrìn, wọ́n sì ń tọ ipa àmì náà. Àwọn bakitéríà òkun lásán, ó dà wọ́n. Àwọn tó jẹ́ ti inú kànrìnkànrìn tẹ́lẹ̀, ó gbé wọn wọlé, ó sì tún tì wọ́n jáde láàyè. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Jámánì tún fi Aplysina aerophoba, oníyẹ́lò kan tó wà ní òkun Mẹditaréníà, dán irú rẹ̀ wò. Wọ́n bu bakitéríà òkun sínú omi rẹ̀, omi náà mọ́ kíá. Wọ́n wá bu àwọn tí wọ́n yọ nínú ara Aplysina fúnra rẹ̀ sí i, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Bẹ́ẹ̀ ni kànrìnkànrìn kì í ṣàdédé jẹ gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ bakitéríà. Ó kù ká mọ ohun tó wà lára àwọn tó ń bọ́.

Ìdáhùn yìí pẹ́ kó tó dé, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ bakitéríà wọ̀nyí kì í hù nínú àwo ní yàrá ìwádìí. Ẹ fún wọn ní ṣúgà, ẹ fún wọn ní omi ẹran, wọn ò dá yín lóhùn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé wọ́n lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n yọ gbogbo DNA inú rẹ̀, wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wá ń to ègé sí ègé títí ó fi mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Torsten Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, Ọsirélíà, ṣe irú rẹ̀ fún Cymbastela concentrica, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2010. Wọ́n gbé jíìnì àwọn bakitéríà inú rẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ ti àwọn bakitéríà tó ń fò kiri nínú omi ibẹ̀ gan-an. Ohun tó pọ̀ nínú àwọn ti inú kànrìnkànrìn, tó sì ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ti inú omi, ya èèyàn lẹ́nu: jíìnì tó ń ṣe purotéènì irú èyí tí a mọ̀ mọ ẹranko àti ènìyàn.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn, ankyrin. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tèmi tìrẹ, ankyrin ló ń so awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn òpó tó gbé e ró nínú. Ara rẹ̀ jẹ́ ègé kan náà tó ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra, ègé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí amino acid (ẹyọ tí wọ́n fi ń mọ purotéènì) 33. Iṣẹ́ àwọn ègé yìí ni kí wọ́n di purotéènì mìíràn mú. Kí ni bakitéríà, tí kò ní ẹ̀jẹ̀, tí kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀ nínú, wá fẹ́ fi irú nǹkan báyìí ṣe? Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fura ni Legionella, bakitéríà tó máa ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Inú àmíbà ni Legionella máa ń gbé nínú omi. Bí àmíbà bá ti gbé e mì báyìí, yóò da irú purotéènì wọ̀nyí sínú àmíbà náà, èyí tó sì yẹ kó jẹ ẹ́ kò ní lè jẹ ẹ́ mọ́.

Wọ́n wá dán an wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014. Èyí ni kí ẹ yà sórí pátákó fún wọn. Wọ́n mú jíìnì ankyrin láti ara bakitéríà kànrìnkànrìn kan tí kò ṣeé gbìn, wọ́n fi sínú E. coli, bakitéríà yàrá ìwádìí tí gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n wá kó E. coli yìí fún àmíbà kan tó ń jẹ́ Acanthamoeba castellanii. Nígbà tí àmíbà bá jẹ E. coli lásán, á gbé e mì sínú àpò kékeré kan nínú ara rẹ̀, á da omi ajẹ́ǹkanrà sí i, kò sì ní pẹ́ tí kò ní sí nǹkan kan nínú àpò náà mọ́. Ti èyí tó gba jíìnì ankyrin yàtọ̀. Àmíbà gbé e mì, ó kó wọn sínú àpò, ibẹ̀ ló sì parí sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ níbẹ̀, kò rí wọn dà. E. coli yìí kò gbé inú kànrìnkànrìn rí, ìran rẹ̀ kò gbé ibẹ̀ rí. Jíìnì àjèjì ló gbà, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀ lọ́wọ́ kan.

Mo ní láti fi kún un pé àmíbà kì í ṣe kànrìnkànrìn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn kiri jẹun nínú kànrìnkànrìn ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀ gan-an, ẹ̀rí mìíràn sì tún dé ní 2019 láti ọ̀dọ̀ Martin Jahn, Ute Hentschel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Jámánì. Èmi ò tíì rí ìwádìí tó dùn mọ́ mi tó o. Wọ́n rí àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń kọlu bakitéríà nínú kànrìnkànrìn, àwọn fáírọ́ọ̀sì náà sì gbé jíìnì ankyrin dání. Nígbà tí wọ́n fi jíìnì fáírọ́ọ̀sì yìí sínú E. coli, àwọn sẹ́ẹ̀lì eku tó ń gbé kòkòrò mì kò gbé e mì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ariwo tí wọ́n máa ń pa sí ìyókù ara pé ọ̀tá ti wọlé sì lọ sílẹ̀. Ẹ wò ó: ọ̀tá bakitéríà ló gbé ohun tó ń gba bakitéríà là wá fún un. Ọgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ni pé bí kànrìnkànrìn bá jẹ bakitéríà náà, ó jẹ òun náà pẹ̀lú.

Ibí yìí ni ìdáhùn sí "báwo ló ṣe ń yí padà" ti ń fara hàn. Àṣìṣe àdàkọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í yára. Ohun tó ń yára ni kí jíìnì tó ti pé tẹ́lẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Fáírọ́ọ̀sì lè gbé e. Bakitéríà tó kú lè fọ́, kí DNA rẹ̀ máa fò kiri, kí ẹlòmíì gbé e wọlé. Àwọn jíìnì kan tiẹ̀ wà tí ara wọn kò balẹ̀, tí wọ́n ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn lórí DNA, wọ́n sì lè gbé aládùúgbò wọn dání. Irú jíìnì afò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó pọ̀ gan-an nínú bakitéríà kànrìnkànrìn. Ibi tí bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì há mọ́ra sí nínú gírámù kan, ṣé a tún ń béèrè bí jíìnì ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo DNA àjèjì ló dára. Ẹ rántí mílíọ̀nù 10 fáírọ́ọ̀sì nínú mílílítà kan, àti lítà 24,000 lójúmọ́. Inú kànrìnkànrìn, òjò fáírọ́ọ̀sì ló ń rọ̀ síbẹ̀ láìdá. Nítorí náà, àwọn bakitéríà tó pẹ́ níbẹ̀ jẹ́ àwọn tó ní ohun ìjà tó pọ̀. Oríṣi kan nínú rẹ̀ ni pé bakitéríà á fi àmì kékeré sí ara DNA tirẹ̀ ní àwọn ojú ibi kan pàtó, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kan á sì máa gé DNA èyíkéyìí tí kò bá ní àmì yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn àgbà Èkìtì tó gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì lẹ́nu baba wọn á tètè lóye èyí: ilà ojú ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ẹni láàárín ogun, ẹni tí kò bá ní in wà nínú ewu. Oríṣi kejì ni CRISPR. Bí fáírọ́ọ̀sì bá kọlù ú tí kò kú, á gé ègé kékeré lára DNA fáírọ́ọ̀sì náà, á tọ́jú rẹ̀ sínú DNA tirẹ̀, á sì fi jogún fún ọmọ. Ìgbà mìíràn tí irú fáírọ́ọ̀sì yẹn bá dé, ègé tó wà nípamọ́ ni yóò fi dá a mọ̀, tí yóò sì gé e. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ohun ìjà méjèèjì wọ́pọ̀ nínú bakitéríà kànrìnkànrìn ju ti inú omi òkun lọ.

Ọmọ tó gbọ́n lè bi yín pé: bí wọ́n bá ń gé DNA àjèjì tó báyìí, báwo ni jíìnì afò ṣe pọ̀ nínú wọn? Ìbéèrè gidi ni. Ohun ìjà kò pé rárá. Ó ń dín in kù ni, kò lè dí i pátápátá. Bó bá dí i pátápátá, wọn ò ní rí ankyrin gbà. Bí kò bá sì sí rárá, fáírọ́ọ̀sì ti pa wọ́n tán. Láàárín méjèèjì ni wọ́n ń gbé.

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n rí gbà là ń sọ. Ohun tí wọ́n sọ nù ṣe pàtàkì bákan náà, èyí sì ni àwọn ìwé ilé-ìwé máa ń gbójú fò. Ìrù tí bakitéríà fi ń wẹ̀ ná an ní agbára tó pọ̀. Nínú òkun gbalasa, ó nílò rẹ̀ láti wá oúnjẹ lọ. Nínú kànrìnkànrìn, omi àti oúnjẹ ń bá a nílé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí wọ́n fi ṣe ìrù náà wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì ẹranko fi máa ń dá bakitéríà mọ̀. Ẹni tí jíìnì ìrù rẹ̀ bá bàjẹ́ nípa àṣìṣe àdàkọ kò pàdánù nǹkan kan, ó tiẹ̀ lè jèrè. Lóòótọ́, jíìnì ìwẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹni tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni Candidatus Synechococcus spongiarum. Bakitéríà aláwọ̀ ewé ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ, inú onírúurú kànrìnkànrìn káàkiri òkun àgbáyé ni wọ́n sì ti bá a. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń dá gbé nínú òkun wà, nítorí náà ó ṣeé ṣe láti gbé àkójọ jíìnì wọn ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tirẹ̀ kéré sí tiwọn. Lára ohun tó sọ nù ni jíìnì tó ń ṣe apá òde pátápátá lára aṣọ rẹ̀, ìyẹn àwọn ìtàkùn ṣúgà tó yẹ kó yọ síta lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ní 2015 rò pé àǹfààní méjì ló wà nínú rẹ̀: ìtàkùn ṣúgà yẹn ni ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì máa ń dì mú kí wọ́n tó wọlé, òun náà sì wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹun fi ń mọ oúnjẹ. Ó tún sọ àwọn jíìnì kan tó ń gbà á lọ́wọ́ ìpalára ọ́síjìn nù, àti díẹ̀ nínú ohun èlò tó ń bá a gba ìmọ́lẹ̀, bí ẹni pé inú ilé tó ń gbé ti gba díẹ̀ nínú ìnira yẹn jẹ fún un. Ìlà ìran kan náà yìí ló tún ní ankyrin. Ó sọ tibí nù, ó gba tọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tó bá ti ń gbé inú ẹlòmíì, àkójọ jíìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ́pọ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí kòkòrò ni wọ́n sì ti gbé e wá. Nínú iná ewéko (aphid, kòkòrò kékeré tó ń fa omi ara ewé mu), bakitéríà Buchnera ti sọ jíìnì nù títí tó fi kù nǹkan bí lẹ́tà DNA 640,000. Nínú kànrìnkànrìn, ó dá lórí ẹni tí à ń wò. Ní 2014, Jörn Piel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Entotheonella jáde láti inú kànrìnkànrìn Theonella swinhoei tó ti òkun Japan wá. Àkójọ jíìnì tirẹ̀ ju lẹ́tà mílíọ̀nù 9 lọ, nígbà tí ti E. coli jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6. Kí ló ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Oògùn olóró ló ń pò, oríṣiríṣi, èyí tí kò jẹ́ kí ẹja àti àwọn mìíràn fẹ́ fi ẹnu kan ilé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé kànrìnkànrìn ló ń ṣe àwọn èròjà yẹn, kó tó di pé wọ́n rí ẹni tó ń ṣe é gan-an. Ní òdìkejì, bakitéríà kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kànrìnkànrìn Haliclona tí wọ́n gbé jáde ní 2019: oògùn olóró lòun náà ń pò, àmọ́ ó ti sọ jíìnì nù lọ bẹẹrẹ. Èyí tó ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló rù, èyí tó ń gbé láàárín sẹ́ẹ̀lì ló sanra. Mi ò ní sọ pé òfin ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn kíyè sí i.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò ní gba àkókò wa. Kànrìnkànrìn ń yọ amóníà dànù gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí, àwọn kan nínú àyálégbé rẹ̀ sì ní jíìnì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di agbára. Àwọn kan ń ṣe fítámì B12, tí ẹranko kankan kò lè dá ṣe. Poribacteria, ẹ̀yà kan tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ní 2004 láti inú kànrìnkànrìn, ní ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ tó ń fọ́ àwọn ṣúgà gígùn, irú èyí tó wà nínú ara ilé tó ń gbé.

Ohun tó wù mí kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ ni èyí tó jáde ní 2012. Wọ́n wo oríṣi kànrìnkànrìn mẹ́fà tí bakitéríà inú wọn kò jọra. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni ó jọra. Nígbà míì, ẹ́ńsáìmù tí ti ibí fi ń ṣe iṣẹ́ kan yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ti ọ̀hún fi ń ṣe é, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n já sí. Àṣàyàn kò bìkítà nípa ìran tí èèyàn ti wá, iṣẹ́ ló ń wò. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ń wá jíìnì kan ṣoṣo tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé náà. Ankyrin dára, aṣọ òde tó bọ́ náà dára, ohun ìjà náà dára. Ẹni kan lè ní gbogbo rẹ̀, ẹlòmíì lè ní ọ̀kan.

Ìkìlọ̀ kan nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ gbogbo rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ègé DNA ni kọ̀ǹpútà ń tò, apá kan lè sọnù lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní bakitéríà kan "kò ní jíìnì ìrù", ó lè jẹ́ pé kò ní in lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí jíìnì náà wà ni kò tíì sí lára ègé tí wọ́n rí tò. Àìrí kọ́ ni àìsí. Àwọn oníwádìí tó mọṣẹ́ máa ń kọ ìdá tí wọ́n rí tò nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibẹ̀ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ "sọnù" gbọ́.

Ẹ lè ní òkun jìnnà sí Ìjerò. Òótọ́ ni, etí òkun tó sún mọ́ wa jù ni ti Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò nílò òkun. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn lójú gbogbo ayé, bakitéríà sì wà nínú méjèèjì. Àwọn wo ló wà ní ìhín tí kò sí ní ọ̀hún, jíìnì wo ni wọ́n sì fi ń fara da ooru? Iṣẹ́ tí ọmọ Èkìtì kan lè fi gboyè nìyẹn. WAEC kò ní bi wọ́n ní èyíkéyìí nínú ohun tí mo kọ síbí o, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò ìkàwé wọn.

Fún kíláàsì tó ń bọ̀, fóònù kan tó ní dátà ti tó. Ẹ wọ UniProt, ibi tí wọ́n kó ìmọ̀ nípa purotéènì jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ P16157: ankyrin inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nìyẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti to àwọn ègé rẹ̀, ẹ ó rí ANK, ANK, ANK, ju ogún lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn yọ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ègé kan kúrò nínú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e: nǹkan bí 33 ni yóò máa jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ kọ ankyrin àti Poribacteria pọ̀, ẹ ṣí èyí tó bá jáde, kí ẹ tún ka ègé tirẹ̀. Ọmọ tó béèrè yẹn ni kó di fóònù mú. Bó bá tún rí nǹkan tó fẹ́ bèèrè níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.